Kọ́lé, Kọ́mọ: Gbèsè Tó Wà Lọ́rùn Àwọn Tó Jáde Nílé-Ìwé Àgùdà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù léra ń kọ́lé. Ẹni tó dúró síwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ ń kọ́mọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò fi àwọn méjèèjì sí ipò kan náà. Ó ní bí a bá ṣe ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, àṣedànù ni. Ó yẹ kí òwe yìí máa wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ń kóra jọ láti gbé ilé-ìwé wọn àtijọ́ dìde, pàápàá àwọn ilé-ìwé ìjọ Àgùdà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà dà rú láàárín 1967 sí 1970.

Ní ìlú Èkó, Jíbówú ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú títì Ìkòròdú ni àdúgbò náà wà, kò jìnnà sí Yábàá, kò sì jìnnà sí Fádèyí. Ohun tí ará Èkó fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tí ń gbéra níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìgbò. Onitsha, Owerri, Enugu, Aba: orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí kì í kúrò lẹ́nu àwọn tí ń pe èrò síbẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́lé, ẹsẹ̀ kò ní gbèrò mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹrù a sì máa ga ju ẹlẹ́rù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò náà ń lọ kí òbí wọn, àwọn mìíràn ń lọ ṣòwò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ìpàdé ilé-ìwé ni wọ́n tún ń bá lọ. Christ the King College ní Onitsha ni ẹlòmíràn ti kàwé, College of Immaculate Conception ní Enugu ni ti ẹlòmíràn, Queen of the Rosary College ní Onitsha sì ni ti àwọn obìnrin kan. Iṣẹ́ ajé ló gbé wọn wá sí Èkó. Okùn ilé-ìwé kò sì já lọ́wọ́ wọn.

Ilé-ìwé wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kan dá gbé kalẹ̀. Ọdún 1933 ni Christ the King College bẹ̀rẹ̀, ti Enugu sì bẹ̀rẹ̀ ní 1940. Àwọn Fadá tó wá láti Írẹ́lándì ni wọ́n ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní ti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, àwọn Sísítà Holy Rosary, ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Shanahan dá sílẹ̀ ní Írẹ́lándì ní 1924, kó ipa tó tóbi. Síbẹ̀, òyìnbó kọ́ ló ru yanrìn. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n rù ú. Àwọn obìnrin ta epo, wọ́n sì mú lára owó rẹ̀ wá sí ìdáwó. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà kò gbẹ́yìn: wọn a yan ọmọ tó mọ̀wé láàárín wọn, wọn a dáwó jọ, wọn a sì san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde. Nígbà náà, ọmọ tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀ nìkan mọ́. Ọmọ tí ìlú rán níṣẹ́ ni.

Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Biafra tí ń padà sẹ́yìn fọ́ afárá tó wà lórí odò Ọya ní Onitsha, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ má bàa rí ọ̀nà kọjá. Afárá náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ọ parí. Onitsha di ojú ogun, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1968. Káàkiri ilẹ̀ náà, ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò di ibùdó ọmọ ogun, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ibi tí àwọn tó sá fún ogun ń sùn sí. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ti hu irùngbọ̀n kí ó tó tún fojú kan pátákó ìkọ̀wé, bí ó bá wà láàyè.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, àwọn aṣojú Biafra fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá ní Dodan Barracks ní Èkó. Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tí a borí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ etí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ní owó ní báńkì ṣáájú ogun dé ibẹ̀, pọ́n-ùn 20 péré ni a fún ọ̀pọ̀ wọn, iye yòówù kí wọ́n ti fi pamọ́. Ẹni tó gba pọ́n-ùn 20, tí ilé rẹ̀ ti wó, tó ní ọmọ mẹ́fà, níbo ni yóò ti rí owó ilé-ìwé? Ta sì ni yóò kan àga tí ọmọ yóò jókòó lé?

Kò tíì pẹ́ tí ogun parí tí nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní 1970 kan náà, ìjọba East Central State, tí Ukpabi Asika ń darí, ṣe òfin tó gba gbogbo ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìjọba àpapọ̀ náà lé ọ̀pọ̀ Fadá àti Sísítà tó jẹ́ òyìnbó kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ní wọ́n gbè sẹ́yìn Biafra. Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Whelan ti Owerri wà lára wọn. Francis Arinze, tó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Onitsha ní 1967 nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 35, wá di olùṣọ́-àgùntàn tí a gba àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì tún gba ilé-ìwé rẹ̀. Àní orúkọ kò bọ́ níbẹ̀: ní àwọn ọdún 1970, a pe Christ the King College ní Heerey High School fún ìgbà díẹ̀ kí orúkọ àtijọ́ tó padà.

Ìjọba ní àwíjàre tirẹ̀. Ìjọ kò lówó tí yóò fi tún gbogbo ilé-ìwé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ogun tó dé pàápàá, ìjọ kan àti èkejì ti ń fi ilé-ìwé bá ara wọn díje, ọmọ ìjọ kan a sì máa ṣe àlejò nínú ilé-ìwé ìjọ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé lábẹ́ òfin kan náà lè rò pé òun ń ṣe rere. Ohun tí kò rò ni pé bí a bá yọ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn tó bí i, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa dun bí ògiri bá sán. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí a lè gbé kúrò níbẹ̀ lọ́la kì í sábà jẹ́ ẹni náà.

Ìdí rèé tí ọ̀ràn náà fi já lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde léjìká. Òfin lè gba ilẹ̀, ó lè gba ilé, ó lè gba orúkọ. Kò lè gba ohun tí ènìyàn ti kọ́. Nígbà tí àwọn Ìgbò tó sá kúrò ní Èkó padà dé lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ilé wọn níbi tí wọ́n fi í sí. Àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Yorùbá ti bá àwọn mìíràn gba owó ilé pamọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ayé, ní Yábàá, ní Sùúrùlérè, ní Múṣin. Bí ẹsẹ̀ wọn ti ń múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó jọ jáde ní ilé-ìwé kan náà ń wá ara wọn rí. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ Àìkú, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń bá ṣe. Ilé-ìwé àwọn ni wọ́n pè é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí òǹkàwé má rò pé ohun tó kan ilẹ̀ Ìgbò nìkan nìyí. Ilé-ìwé lè ṣubú láìjẹ́ pé ìbọn dún. Ní Èkó níbí, a dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Òbáléǹdé ní 1928. Ní 1956, Fadá Denis Slattery, ọmọ Írẹ́lándì tó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald rí, dá St. Finbarr's College sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí náà. Igbóbì College, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Jíbówú, tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, bá wọn lọ nínú ìgbálẹ̀ kan náà.

Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ó kọ́ kíláàsì púpọ̀ kí àwọn ọmọ má bàa máa pín ilé-ìwé lò mọ́, tí àwọn kan ń lọ láàárọ̀, tí àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tálákà ló tipa bẹ́ẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá ní kò sí oore nínú rẹ̀ kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba náà tún fẹ́ kí ilé-ìwé aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀. Anthony Okogie, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì kàwé ní St. Gregory's, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre pé òfin ilẹ̀ yìí fi àyè gba ará ìlú láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ogún ọdún gbáko tún kọjá kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ gómìnà Bọ́lá Tinúbú, tó dá àwọn ilé-ìwé tó gbà padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n ní 2001. Ní ìpínlẹ̀ Anambra, ìgbà ìjọba Peter Obi, tó wà lórí oyè láàárín 2006 sí 2014, tí òun náà jẹ́ ọmọ Christ the King College, ni a dá ilé-ìwé padà fún ìjọ, tí a sì fi owó àtúnṣe tì í lẹ́yìn.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ti túbọ̀ hàn. Ẹgbẹ́ kan kọ́ ilé ìkàwé, èkejì tún yàrá sáyẹ́ǹsì ṣe. Àwọn tó jáde ní ọdún kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò fẹ́ kí ojú ti àwọn, wọ́n mọ odi yí ọgbà ká. A gbẹ́ orúkọ sára òkúta mábù, a ya fọ́tò, a da aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a jẹ, a mu. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọmọ tí òjò ń pa nínú kíláàsì kò lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ilé ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń sáré kọ́. Ilé ṣeé fọwọ́ kàn. Ilé ṣeé ṣí ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ìlù. Ilé ṣeé kọ orúkọ sí. Ọmọ tí a kọ́ kò ṣeé kọ orúkọ sí lára. Ọdún mẹ́fà ni yóò lò ní ilé-ìwé gíga náà, ó sì lè tó ọdún 20 kí èso rẹ̀ tó hàn. Ẹni tó bá ń wá ìyìn ọjọ́ kan kò ní yan iṣẹ́ tí ìyìn rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn St. Finbarr's fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀, kò ní ilé. Ọgbà St. Paul's ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta ló ti kọ́kọ́ fẹ̀yìn lé kí ó tó rí ilẹ̀ sí Àkókà. Ohun tó ní ni Fadá kan tó mọ ohun tó fẹ́: ọmọ tí yóò mọ̀wé, tí yóò mọ ìwà hù, tí yóò sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Slattery fúnra rẹ̀ jẹ́ rẹfirí. Nínú ilé-ìwé náà ni Henry Nwosu ti jáde, tó bá Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Ibẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti jáde, tó jẹ́ balógun ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ náà ní 1994, tó sì tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ tó gbà á ní 2013. Kò sí ògiri kan tó kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ènìyàn ló kọ́ wọn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Onitsha lóde òní. Ní 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti Regina Pacis, ilé-ìwé ìjọ Àgùdà tó wà ní ìlú náà, lọ sí California ní Amẹ́ríkà fún ìdíje Technovation. Ètò orí fóònù tí wọ́n ṣe láti fi dá ayédèrú oògùn mọ̀ yàtọ̀ ni wọ́n gbé lọ, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Ilé-ìwé tó ní kọ̀ǹpútà tó dára ju tiwọn lọ pọ̀ láyé. Ohun tí wọ́n rí ni ẹni tó jókòó tì wọ́n, tó kọ́ wọn, tí kò sì jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dun ènìyàn jù lọ rèé. Láti ìgbà tí a ti dá àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí padà fún ìjọ, owó ni a fi ń wọ̀ wọ́n. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀: ìjọ gbọ́dọ̀ san owó tíṣà, ó sì gbọ́dọ̀ ra epo sí ẹ̀rọ iná. Ṣùgbọ́n ọmọ aláàárù tí ì bá wọ St. Gregory's lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà Jakande kò lè wọ̀ ọ́ mọ́, àfi bí ẹnì kan bá san owó fún un. Bí ẹ bá dúró ní abẹ́ afárá Jíbówú ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé omi inú ọ̀rá lórí, tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Agogo mẹ́wàá ọjọ́ Ajé jẹ́ àkókò ilé-ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì, tó ń lọ sí ìpàdé láti dáwó fún gbọ̀ngàn tuntun, lè na náírà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó gba omi, kí ọkọ̀ sì gbéra. Ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí a bá wádìí ìtàn ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, epo tí obìnrin kan tà àti ìdáwó ìlú kan ló gbé wọn dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbèsè tí wọ́n jẹ kì í ṣe ti ilé-ìwé nìkan. Wọ́n jẹ gbèsè àyè kan nínú kíláàsì, ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ sì ni ó yẹ kí wọ́n san án fún.

Àwọn kan yóò ní, ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyẹn? Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé gbogbo ọmọ kàwé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1970 náà, ẹni tó bá fẹ́ dúró de ìjọba ì bá ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn mìíràn yóò ní òrùlé ni ó yẹ kó ṣáájú. Òótọ́ ni, bí òrùlé bá ń jò. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùlé ti dá, tí odi ti ga, tí gbọ̀ngàn kejì sì ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òjò.

Ohun tí a ń sọ kò kọjá agbára. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 120 ní Èkó. Bí àwọn mẹ́wàá mẹ́wàá bá para pọ̀ gbọ́ bùkátà ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, ọmọ 12 ni yóò wọ ilé-ìwé tí kì bá má wọ̀ ọ́. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá wá ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé fún tíṣà ìmọ̀ ẹ̀dá kan kí ó má bàa sá lọ sí ibi tí owó gbé pọ̀, ọmọ ọgọ́rùn-ún yóò jàǹfààní rẹ̀ lọ́dún kan. Kò sí mábù nínú méjèèjì. Ìwé ìṣirò owó nìkan ló gbọ́dọ̀ wà, kí ìjọ, àwọn òbí àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lè jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí owó tí kò ní alábòójútó kì í pẹ́ di ìjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ tó wà níwájú yín pé àwọn kan ló ru yanrìn kíláàsì tí wọ́n jókòó sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́jáde ọ̀la. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè yín sí ìpàdé, tí wọn yóò ní kí ẹ mú owó wá. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́lé, kí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka iye ọmọ aláìní tí yóò jókòó sínú ilé náà, kí ó tó ka iye orúkọ tí yóò gbẹ́ sára ògiri rẹ̀.